Osùn Ẹsẹ̀ Àǹtí Sàfúrá

Agolo mílíìkì kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Àwọn ọmọ mi rò pé góòlù ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àkọ́bí mi ṣí i, tó rí ìṣù pupa kan tó ti gbẹ bí òkúta, ó ní, "Mọ́mì, kí wá lèyí? Erùpẹ̀?" Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Erùpẹ̀ kẹ̀! Osùn ni, ìwọ ọmọ yìí, osùn tí wọ́n fọwọ́ lọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà kiri lónìí, tó jẹ́ pé bíríkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ní kó jókòó kí n sọ fún un bí ẹsẹ̀ obìnrin kan ṣe pọ́n ní Igando, tí gbogbo àdúgbò sì dìde dúró wò ó. Ọmọ ò jókòó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é níta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ni mo máa sọ ọ́ fún.

Igando tí mò ń wí yìí kì í ṣe tòní tí ilé ti fún mọ́ra wọn bí eyín. Nígbà yẹn, tí o bá ti kọjá ilé wa, oko ni, àti ọ̀nà tóóró tó lọ sí Egan, tí ọ̀yà ń sá kọjá níbẹ̀ lójú ọ̀sán. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára ni ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan gba àárín wọn kọjá títí dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kànga àti ilé ìdáná wà. Ohùn mẹ́ta ló ń jí wa láràárọ̀. Ti lèmọ́mù ló máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayùn Bọ̀dá Rasaki, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ kápẹ́ńtà, tó máa ń fayùn bíi pé oorun wa gan-an ló ń rẹ́ sí méjì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ràn jù: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohùn igi lórí òkúta. Àǹtí Sàfúrá, ìyàwó Bọ̀dá Rasaki, nìyẹn, ó ń lọ osùn lábẹ́ igi ìyeyè. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ilé tòrò, pé Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi ti gbé ògì kaná, pé àkàrà ò ní pẹ́ dé. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ kí nǹkan máa ha ara wọn bẹ́ẹ̀, ebi àkàrà á kàn máa pa mí ṣá ni.

Ìyá Àgbà ló ni iṣẹ́ osùn tẹ́lẹ̀, òun ló sì fi kọ́ Àǹtí Sàfúrá nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá. Èmi náà wò ó títí mo fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gé igi osùn, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú igbó fún ikán. Bẹ́ẹ̀ ni, fún ikán! Ikán á jẹ gbogbo ara rẹ̀, á jẹ èèpo, á jẹ ibi tó funfun, tó bá wá kan àárín, á fi í sílẹ̀, torí pé eyín rẹ̀ ò ràn án. Àárín yẹn tó pọ́n, tó le koko, ni osùn. Ìyá Àgbà á na ìka sí i, á ní, "Ẹ wò ó, ohun tí ayé bá jẹ jẹ jẹ tí kò tán, ohun gidi nìyẹn." Wọ́n á wá máa fi omi lọ igi yẹn lórí ọlọ díẹ̀díẹ̀, omi pupa á máa ṣàn bọ́ sínú igbá, á silẹ̀, wọ́n á da omi orí rẹ̀ nù, wọ́n á fi ọwọ́ bù ú ní ìṣù ìṣù, wọ́n á sá a síbi tí òjìji wà. Oòrùn ò gbọ́dọ̀ rí i, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Tí wọ́n bá bímọ, wọ́n á fi àdín pò ó, wọ́n á fi pa ọmọ lára, wọ́n á sì fi kun ẹsẹ̀ ìyá ọmọ látàtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, kò ní láti sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Òkèèrè ni wọ́n á ti máa kí i: ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ kú ọwọ́ lómi!

Kò sí abiyamọ kan nílé wa, kódà dé Egan àti apá Ìpájà, tí kì í ṣe ọwọ́ Àǹtí Sàfúrá ló lọ osùn rẹ̀. Gbólóhùn kan náà ló sì máa ń sọ fún olúkúlùkù tó bá ti gbé e lé e lọ́wọ́: "Má lò ó tán o. Fi díẹ̀ pamọ́, kí àbúrò wá bá a." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Wọ́n á fi ìṣù kékeré kan sínú àpótí aṣọ, tí ọmọ mìíràn bá dé, wọ́n á fi kún tuntun. Ìyá mi náà ní tirẹ̀ lábẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀, gbogbo ìró rẹ̀ ló ní àbàwọ́n pupa létí.

Àmọ́ Àǹtí Sàfúrá fúnra rẹ̀ ò bímọ. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti di Ìyá Wàsíù, wọ́n ti di Ìyá Sikírù, òun ṣì ń jẹ́ "Ìyàwó." Ìyàwó, bu omi wá. Ìyàwó, bá mi di ọmọ yìí. Irun ti ń funfun díẹ̀ níwájú orí rẹ̀, síbẹ̀ Ìyàwó ni. Ó tẹ́rẹ́, ó dúdú, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó máa ń pa àlọ́ fún wa tí òun fúnra rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín kó tó parí, a ò sì ní mọ ibi tí àlọ́ já sí. Ọwọ́ rẹ̀ pupa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò pupa. Kì í fi osùn kan ẹsẹ̀. Bí ó bá tiẹ̀ ta sí i lórí ọlọ, á sáré fi omi ṣàn án.

Ìyá Kúdí ni ìyálé ilé wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Obìnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ korobá dá ìjà sílẹ̀ nídìí kànga, àwa ọmọdé ń wò wọ́n, ló bá fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Gbé korobá mi sílẹ̀ jàre! Alọsùn ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀! Tìẹ rèé, ó funfun bí ẹ̀kọ." Mo fẹ́ ju nǹkan lù ú. Àǹtí Sàfúrá kúnlẹ̀, ó gbé korobá náà fún un, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin Ìyá Kúdí," ó sì padà sídìí ọlọ rẹ̀. Ìyá Àgbà ló dáhùn látinú ilé ìdáná: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba." Ìyá Kúdí pòṣé, ó lọ. Òun náà rèé o, ọmọ mẹ́ta ló ti fi osùn ọwọ́ Àǹtí Sàfúrá pa lára.

Ohun kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Sàfúrá tí gbogbo ilé mọ̀. Nígbà tí ẹbí ta ilẹ̀ oko wa fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, katapílà wá wó gbogbo igi ibẹ̀, àtigi osùn, àtobì, àtọsàn. Bọ̀dá Rasaki ló sáré wọ́ ìtì osùn tó kẹ́yìn kúrò lábẹ́ katapílà. Ikán jẹ ara rẹ̀ tán, àárín rẹ̀ sì pọ́n débi pé tí o bá fọwọ́ tútù kàn án, ọwọ́ rẹ á pupa. Àǹtí Sàfúrá fi àpò ìrẹsì wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Èyí tèmi ni. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá dá mi lóhùn." Àwọn èèyàn wá bẹ̀ ẹ́ láti Ìpájà nítorí ọmọ wọn tó ń ṣègbéyàwó, tí wọ́n fẹ́ fi osùn kùn, wọ́n gbówó wá, kò tà á. Ẹnikẹ́ni ò bínú sí i. Ìtì yẹn nìkan ló fi dá a lójú pé nǹkan kan ń bọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí mò ń sọ yìí ni Ìyá Kúdí bí ọmọkùnrin kan. Ìkòkò osùn ilé ti gbẹ, èyí tó fi pamọ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá gbà á lọ; ti inú àpótí àwọn ìyókù sì rèé, olúkúlùkù ló fi í pamọ́ de àbúrò ọmọ tirẹ̀. Ó bá rán wọn lọ ra ti ọjà ní Ìkòtún. Kí ló dé tí wọ́n fi rà á! Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ara ọmọ ti sú, ó ń sunkún kíkan, kò mu ọyàn, kò sùn. Bíríkì ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Ìyá Kúdí tilẹ̀kùn mọ́ra. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwa náà mọ̀ pé ó mọ̀, ṣùgbọ́n ojú wo ló máa fi bẹ̀bẹ̀? Àǹtí Sàfúrá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹkún ọmọ yẹn ń lọ, ń bọ̀. Lójijì ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó wọ yàrá, ó fa àpò ìrẹsì jáde. Bọ̀dá Rasaki dìde lórí igi tó ń fá, ó ní, "Sàfúrá! Tìẹ wá ńkọ́?" Ó ní, "Tèmi ò tíì dé. Èyí tó ti dé ló ń sunkún yẹn."

Ó lọ ìtì yẹn láàárọ̀, ó lọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, títí ó fi kù bí ọmọ ìka, ó sì lọ ọmọ ìka náà. Mo jókòó tì í, mò ń bu omi sí i. Omijé ń já bọ́ sórí ọlọ, kò nù ún. Mo béèrè, "Àǹtí, ṣé ó ń dùn yín ni?" Ó ní, "Ó dùn mí gan-an, Rìsí. Bu omi sí i." Ọkàn mi bàjẹ́. Mo kórìíra Ìyá Kúdí lọ́jọ́ yẹn débi pé n ò jẹ mọ́ínmọ́ín tó fi ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn náà, èmi tí mo lè tìtorí mọ́ínmọ́ín fi àbúrò mi tọrẹ! Nígbà tó ṣe tán, Àǹtí Sàfúrá kan ilẹ̀kùn ìyálé rẹ̀, ó gbé igbá náà fún un tòun ti ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má lò ó tán o, Ìyá Kúdí. Kí àbúrò wá bá a." Ìyá Kúdí gba igbá, ó bù ú, ó fi pa ọmọ lára. Ara ọmọ balẹ̀, ó mu ọyàn, ó sùn.

Ṣé ẹ mọ Ọlọ́run? Òjò ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí Àǹtí Sàfúrá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó kọ́kọ́ ní ẹ̀wà ló gbòdì. Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀, ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, òun á fi omorogùn bá a sọ̀rọ̀. Inú ń ga, a ń wo ibòmíràn. Nílé wa, wọn kì í ra ẹrù ọmọ sílẹ̀ de inú, ì báà ṣe ọṣẹ, ì báà ṣe fìlà kékeré. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá palẹ̀ mọ́ dè é ló ń lé e sẹ́yìn. Pẹ̀lú ọmọ tí a ti ń retí tó bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ dán an wò? Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò wá igi osùn. Gbogbo wa mọ̀ pé ìkòkò gbẹ, gbogbo wa mọ̀ pé ìtì ti tán, a kàn ń yẹjú fún ara wa. Tí mo bá rántí báyìí, ẹ̀rín ni mo ń rín: àgbààgbà ilé tó mọ gbogbo nǹkan ṣe, wọ́n ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ bíi pé ejò wà níbẹ̀.

Ọyẹ́ ló ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó bí i, ní ilé agbẹ̀bí tó wà lọ́nà Ìkòtún. Obìnrin ni, ó pupa, ó gùn, ohùn rẹ̀ sì le. Bọ̀dá Rasaki sáré wọlé láìwọ bàtà, ó ń pariwo, "Ó ti bí i! Àwọn méjèèjì wà láàyè!" Ìyá Àgbà jó ìjó tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, pẹ̀lú ìdí tó ti ń dùn ún látọdún mọ́dún. Bàbá mi sunkún. Wọ́n gbé ìyá àti ọmọ délé, omi gbóná dé, àdín dé, Ìyá Àgbà sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Osùn dà?" Ìgbà náà ni ilé tutù. Bọ̀dá Rasaki gba Egan lọ, ó kàn ń wọ inú igbó tó kù, ìpìlẹ̀ ilé ló ń bá níbi gbogbo. Ó bi wọ́n léèrè níbi tí wọ́n ti ń la pákó, wọn ò ní. Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀gún lára aṣọ, ó jókòó sórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Àǹtí Sàfúrá sọ fún Ìyá Àgbà látorí bẹ́ẹ̀dì pé, "Kò burú, Màmá. Ọmọ ni mo bẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n ò bẹ osùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra tọjà díẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi, kí ọmọ máa lo àdín nìkan." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sínú ìró. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe súná, kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo àwọn tó ti pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ funfun máa pé jọ, tí yóò jáde sí wọn. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti pọ́n nílé yẹn, òun ló mú un pọ́n, ṣé tirẹ̀ ló wá yẹ kó fi bíríkì kùn? Ìyá Àgbà ní, "Láéláé! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Ló bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró láàárín, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ bímọ nínú ilé yìí! Ta ló lọ osùn yín?" Ilẹ̀kùn ń ṣí. "Mo ní ta ló lọ̀ ọ́? Kí ló sì máa ń wí fún yín nígbà tó bá gbé e fún yín?" Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ilẹ̀kùn Ìyá Kúdí ti ṣí, òun fúnra rẹ̀ jáde, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó di nǹkan kan sínú ìborùn. Ó tú u: ìṣù osùn méjì ni, ó tóbi, ó pọ́n bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú. Osùn ìtì yẹn ni! Ìtì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Ó ní, "Màmá, díẹ̀ ni mo lò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ti sọ ò gbà mí láyè láti lo ìyókù. Mo mọ̀ pé tirẹ̀ ń bọ̀." Ó bú sẹ́kún. Mo ti ń wá ọjọ́ tí mo máa rí ẹkún Ìyá Kúdí tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí mo wá rí i, èmi náà ń sunkún bí òmùgọ̀.

Ìyá mi wọlé lọ gbé tirẹ̀. Ìyá Wàsíù gbé tirẹ̀, ó kéré bí ẹ̀kùrọ́. Ìyá Sikírù bọ̀ pẹ̀lú èyí tí eku ti jẹ létí. Títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin ń wọlé láti Egan, láti Ìpájà, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú ìṣù tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà ọmọ rẹ̀. Òmíràn pọ́n bí ata, òmíràn dúdú díẹ̀, òmíràn ń rùn bíi káfúrà. Ìyá Àgbà ò sọ nǹkan mìíràn ju "Oore kì í gbé" lọ, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ súná, Ìyá Kúdí ló wà nídìí ọlọ kí lèmọ́mù tó pe ìrun, ó ń lọ gbogbo ìṣù yẹn pọ̀. Kò mọ̀ ọ́n lọ̀. Kẹ̀rẹ̀, ó dúró. Kẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó gbé igbá wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní kó na ẹsẹ̀. Àǹtí Sàfúrá fà á sẹ́yìn, ẹ̀rù bà á, "Háà, ẹ̀yin Ìyá Kúdí, ẹ̀yin ìyálé mi! Ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi o!" Ìyá Kúdí ní, "Gbé ẹsẹ̀ wá jàre! Ṣé èmi kọ́ ni mo ní ó funfun bí ẹ̀kọ? Ọwọ́ mi yìí náà ló máa mú un pọ́n." Ló bá fà á mú, ó kùn ún látàtẹ́lẹsẹ̀ títí kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, àfi ìgbà tí Ìyá Àgbà ní ó tó, kì í ṣe ògiri. Wọ́n ti bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí Sàfúrá gbé ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ sọ ní Bàṣírátù, mọ́yà, ó sì rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn já síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ilẹ̀ ń pupa lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo tó sọ níta, adìyẹ sá kúrò ládùúgbò. Bàbá mi, ẹni tó máa ń bínú tí a bá ta omi sí sìmẹ́ńtì rẹ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má fọ ipa ẹsẹ̀ yẹn, ó sì ń yà fún un títí ó fi parẹ́ fúnra rẹ̀.

Inú igbá ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Sàfúrá ti bu ìṣù inú agolo mi yìí, tó fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ó ti dàgbà gan-an nígbà náà. Ó ní, "Má lò ó tán o." Ẹ̀yin rò pé mo lè lò ó tán?

Nígbà tí Bàṣírátù pé ogójì ọjọ́, Àǹtí Sàfúrá ní òun ń lọ sí Ìkòtún, òun á sì fẹsẹ̀ rìn ín. Ìyá Àgbà ní kó wọkọ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló máa rí ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀?" Wọ́n tún osùn kùn fún un, ó pọn ọmọ, èmi sì gbé agbòòrùn tẹ̀ lé e. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ẹnì kan sílẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ọjà ti kún, ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn wa, "Ìyá Bàṣírà! Ìyá Bàṣírà o!" Àǹtí Sàfúrá ń rìn lọ ní tirẹ̀. Obìnrin náà tún pè é. Mo fa ìró rẹ̀, mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè!" Ó dúró. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá yí padà sí gbogbo ọjà, ó sì dáhùn pẹ̀lú ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó ní:

"Èmi nìyí o! Ta ló ń pe Ìyá Bàṣírà?"